Ẹṣin Abìyẹ́ Nínú Yàrá: Bí Ilé Ẹ̀gbá Ṣe Ń Tọ́ Ọgbọ́n Àtinúdá Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, láti orí ẹ̀bi ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀bi èmi gan-an.

Ní ọdún kan tí Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀, mo kun pálọ̀ wa. Ọ̀dà funfun ni mo lò, owó rẹ̀ kò sì kéré. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo bá àwòrán kan lára ògiri náà. Èédú ni wọ́n fi yà á. Àgbò ńlá kan ni, ìwo rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ mẹ́rin ni ó wà lábẹ́ rẹ̀ dípò ẹsẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró tì í, èédú kún ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń wo ojú mi. Ó rò pé n óò rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Mo nà án, mo sì ní kí ó lọ gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn wá láti fọ̀ ọ́ kúrò. Ìyá mi, tí ó wá bá wa ṣọdún láti Ìtòkú, ni ó ní ilẹ̀ ti ṣú, kí a fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Nígbà tí a kírun Ìṣáà tán, ìyá mi pè mí. Ó ní, “Àlàó, ta ni ó fi ẹ̀kọ àdìrẹ mi ya ọkọ̀ ojú irin sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nígbà kan?”

Mo ní, “Èmi ni, Màmá.”

“Ta ni ó nà ọ́?”

“Kò sí ẹni tí ó nà mí, mà.”

Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó ká tẹ̀sùbáà rẹ̀ dání, ó sì wọlé lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tí ó dárúkọ kànìnkànìn mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ń bi ìtàn léèrè: báwo ni àwọn òbí wa ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ṣe ń ṣe é tí ọgbọ́n àtinúdá fi ń hù lára ọmọ wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka ìwé, tí wọn kò sì ní owó tí wọn ó fi ra ohun ìṣeré kankan?

Ìtàn Abẹ́òkúta kò ṣàjèjì sí yín. Ní ọdún 1830 ni àwọn tí ogun lé kúrò ní àwọn ìlú inú igbó Ẹ̀gbá wá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, tí Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ aṣáájú wọn. Ẹni tí ó ń sá àsálà kì í ru ẹrù púpọ̀. Ohun tí ó wà ní orí rẹ̀ àti ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń gbé dé ibi tí ó ń lọ. Aláró gbé ọgbọ́n aró dé, alágbẹ̀dẹ gbé ti irin dé, ẹni tí ó ti há Àlùkùráánì sórí gbé e dé pẹ̀lú. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kọ́ fún iṣẹ́ ọwọ́. Agbo ilé ni ilé-ẹ̀kọ́, àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ kò sì ju ọmọ inú ilé lọ.

Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, aró ni mo mọ̀ jù, nítorí pé ìdí rẹ̀ ni a bí mi sí. Láti ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà tí aṣọ funfun tí wọ́n hun ní Manchester bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́jà wa, ni àdìrẹ Abẹ́òkúta ti di òwò ńlá. Bí a bá ń sọ ìtàn rẹ̀, ilé Jọjọlá ní Kémta ni àwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò ń ti Sẹ̀nẹ̀gà àti Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, wá kó o. Judith Byfield, onímọ̀ ìtàn tí ó kọ odindi ìwé lórí àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta láti 1890 sí 1940, fi hàn pé àwọn obìnrin ni ó di gbogbo òwò yìí mú, inú ilé wọn sì ni iṣẹ́ náà wà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ mú gbólóhùn yẹn: inú ilé. Ìkòkò aró wà ní ẹ̀yìnkùlé, ààrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ tí ń rákò sì wà láàárín méjèèjì.

Bí ó ti rí ní agbo ilé tiwa nìyí. Ewé èlú ni wọ́n ń gún, wọn a ṣù ú, wọn a sá a gbẹ. Omi eérú ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ nínú ìkòkò, ó sì ń gbà tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó ṣeé lò. Ọmọ ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò náà, ṣùgbọ́n ó lè bu omi. Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀ sí i, wọn a ní kí ó máa ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tí wọn ó fi ìko dì sínú aṣọ, nítorí ibi tí ìko bá ti fún aṣọ pinpin, aró kò ní wọ ibẹ̀, funfun ni ibẹ̀ yóò wà. Àdìrẹ oníko nìyẹn. Àwọn ọmọ ni ó tún ń bá wọn tú ìko lẹ́yìn tí aṣọ bá gbẹ. Àárẹ̀ ni iṣẹ́ títú yìí, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo wa ń dù, torí pé kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀ títí yóò fi tú u tán.

Ohun kan tún wà tí kò tíì kúrò lójú mi. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di búlúù díẹ̀díẹ̀, lójú ẹni báyìí. Mo bi ìyá mi léèrè ìdí rẹ̀ tó ìgbà ogún. Kò mọ̀ ọ́n. Kò sì lé mi lọ. Ó ní kí n máa wò ó, bóyá èmi ni n óò wá sọ fún òun.

Ọ̀rọ̀ àjákù aṣọ ni mo fẹ́ dúró lé lórí pẹ́. Bí wọ́n bá gé aṣọ fún oníbàárà, a máa ṣẹ́kù létí. Àjákù yìí ni ti àwa ọmọdé. Ẹni tí ó bá wù ú lè dì í bí ó ṣe fẹ́, kí ó fi èkùrọ́ sí i, kí ó fi ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo dì í, kí ó lọ́ ọ bí okùn. Kò sí ẹni tí ó ń sọ fún wa pé báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ olówó bá ń wọ aró, tiwa náà ń wọ ọ́ pẹ̀lú, nínú ìkòkò kan náà. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà: o lè ba àjákù jẹ́ bí ó ti wù ọ́, má fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Nígbà tí a bá sì tú u, ìyá mi kì í sọ pé ó dára, kì í sì í sọ pé kò dára. Ìbéèrè kan náà ni ó máa ń bi wá: “Báwo lo ṣe ṣe é?” Ọmọ á wá jókòó, á máa ronú padà sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe. Ìgbà kan wà tí àbúrò mi obìnrin dáhùn ìbéèrè yìí tán, tí ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí ó sì gbé aṣọ funfun tuntun fún un pé kí ó tún un ṣe sórí ẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Ẹ má rò pé àwọn àgbà wọ̀nyí kàn ń tún ohun àtijọ́ ṣe láìronú. Ní ọdún 1935, nígbà tí George Karùn-ún ọba Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè, àwọn aláró gbé àwòrán ọba àti ayaba náà sórí àdìrẹ. Olóba ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Àwọn ọkùnrin ni ó máa ń gé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń ta ẹ̀kọ láfún gbà kọjá sórí aṣọ, nítorí náà ọmọkùnrin pàápàá kò ṣàìríṣẹ́ kọ́ nínú òwò obìnrin yìí. Nígbà tí aró òyìnbó àti sódà dé, wọ́n dán ìyẹn náà wò, èyí tí ó tilẹ̀ dá ìjà ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn aláró àti Aláké Adémọ́lá Kejì ní àárín àwọn ọdún 1930. Ọmọ tí ó dàgbà sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń rí àgbà tí ń dán nǹkan wò lójoojúmọ́. Ìyẹn nìkan tó ẹ̀kọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú yín máa wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ṣé iṣẹ́ ọnà ọmọdé wá jẹ mọ́ ẹ̀sìn wa ni? Àwòrán yíyà ńkọ́? Èmi náà ti ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀ rí, òun sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ọwọ́ mi yá sí ẹgba lọ́jọ́ tí mo ń wí. Mo wá rántí ohun tí ààfáà wa kà fún wa nínú àkójọ hádíìsì Abu Dawud.

Ànábì wa (ṣ.a.w.) ti ojú ogun dé, Tabuk ni tàbí Khaibar. Aṣọ títa kan wà níwájú ibi tí ìyá wa Àíṣátù kó àwọn ọmọláńgidi rẹ̀ sí. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ó ká aṣọ náà sókè, wọ́n sì hàn síta. Ànábì béèrè pé kí ni ìwọ̀nyí, ó ní àwọn ọmọ òun ni. Ó rí ẹṣin kan láàárín wọn tí a fi àjákù aṣọ ṣe ìyẹ́ méjì fún. Ó béèrè ohun tí ó wà láàárín, ó ní ẹṣin ni. Ó béèrè ohun tí ó wà lára ẹṣin, ó ní ìyẹ́ méjì ni. Ànábì wá ní kí a rí ẹṣin tí ó níyẹ̀ẹ́! Àíṣátù sì bi í bóyá kò tíì gbọ́ pé Ànábì Sùlẹ́múọ̀nù ní àwọn ẹṣin abìyẹ́ ni. Ó ní Ànábì rẹ́rìn-ín títí òun fi rí eyín ọ̀gànún rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Ẹni tí ó ti ogun dé ni, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì ní ohun tí ó ń rò. Síbẹ̀, ó bi ọmọ yẹn ní ìbéèrè, ó tún bi í, ó tún bi í, ó sì fi etí sí ìdáhùn. Àíṣátù náà kò kàn fi ìyẹ́ lẹ ẹṣin lásán. Ìtàn kan ni ó ti gbọ́, òun ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ di nǹkan, pẹ̀lú àjákù aṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ni ó fi hádíìsì yìí gbé e lẹ́sẹ̀ pé ohun ìṣeré ọmọdé yàtọ̀ sí ère tí ẹ̀sìn kọ̀. Ní ti àwòrán ohun abẹ̀mí lára ògiri, kí olúkúlùkù bi ààfáà rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè fún ọmọ rẹ̀ ní ewé, ìràwọ̀, ilé àti ọkọ̀ láti yà. Àwọn Mùsùlùmí tí ó kọ́ ààfin Alhambra ní Granada, ní ilẹ̀ Sípéènì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, ìlà àti ìràwọ̀ àti lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kún àwọn ògiri rẹ̀, ayé sì ń wò ó títí di òní. Mo wo fọ́tò rẹ̀ rí, òṣùpá àti ìlà àdìrẹ ìyá mi ni ó wá sí mi lọ́kàn.

Ìmáàmù Ghazali, tí ó papò dà ní ọdún 1111, kọ ọ́ nínú Ihya rẹ̀ pé ó yẹ kí a jẹ́ kí ọmọ ṣeré tí ó dára bí ó bá ti ilé kéú dé, nítorí bí a bá ń dí i lọ́wọ́ eré, tí a sì ń fi ẹ̀kọ́ nìkan dà á láàmú, ọkàn rẹ̀ yóò kú, làákàyè rẹ̀ yóò kú, ẹ̀tàn ni yóò sì máa wá láti fi bọ́. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún kí ẹnikẹ́ni tó máa pe ọmọ sí lẹ́sìn lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú wa ni ó ti sọ ọ́.

Ilé kéú pàápàá ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí pàṣán nìkan, pàṣán sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí wàláà. Àwa ni a ń po tàdáà tí a fi ń kọ ọ́, láti ara dúdú ìdí ìkòkò. Àwa ni a ń gbẹ́ gègé wa fúnra wa, ẹni tí tirẹ̀ bá nípọn jù, lẹ́tà rẹ̀ a rí bí ìka ẹsẹ̀ erin. Bí a bá kà á tán, a fọ̀ ọ́, a tún kọ òmíràn. Kò sí àṣìṣe tí omi kò lè fọ̀ kúrò lára wàláà. Nígbà tí mo bá rí ìwé àwọn ọmọ mi, tí tíṣà fi bírò pupa fa ìlà kọjá lójú gbogbo rẹ̀, mo máa ń rántí wàláà mi.

Jẹ́ kí n kúrò ní ìdí aró kí n lọ sí ìdí àlọ́. Ní ọdún 1920, wọ́n bí ọmọ kan ní Wáṣinmi, abúlé kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Àgbẹ̀ olókòó kòkó ni àwọn òbí rẹ̀. Ní oko àti ní ilé, alaalẹ́ ni àwọn àgbà ń pàlọ́. Ọmọ yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Salvation Army l'Ábẹ́òkúta, ní ìdí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ti rí àyè lọ, ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń san owó náà dípò owó iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ẹ̀kọ́ pin. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé, iṣẹ́ ìjíṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó ni ó rí. Níbi tí ó jókòó sí, tí kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú bébà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ọ̀mùtí kan tí ó ń wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Faber and Faber tẹ ìwé náà jáde ní London ní 1952. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Raymond Queneau ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Amos Tutùọlá ni ọmọ náà. Kì í ṣe pé ó mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kódà àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé tijú nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, wọ́n rò pé òyìnbó yóò máa fi wá ṣẹ̀sín. Ohun tí ó ní tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ni àwọn alẹ́ ìgbà èwe rẹ̀.

Ohun tí a máa ń gbàgbé nípa àlọ́ ni pé àgbà nìkan kọ́ ni ó ń pa á. Bí ó bá kan ọmọ, òun náà yóò ní kí a dáhùn “Àlọ̀!”, gbogbo ilé yóò sì dáhùn. Bí ìtàn bá sọnù mọ́ ọn lẹ́nu, á fi òmíràn dí i. Ìjàpá tí ó kú sínú kànga lánàá lè ti kànga náà jáde lónìí. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé irọ́ ni. Ilé tí ọmọdé bá lè dá àgbàlagbà márùn-ún dúró pẹ̀lú ìtàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hùmọ̀, ẹ ò rí i pé ibi ńlá ni ilé náà?

Ní Aké, nínú ọgbà ilé ìjọ, ilé mìíràn wà tí ó yàtọ̀ pátápátá sí ti Tutùọlá. Bàbá ibẹ̀ jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ St Peter's, ìyá ibẹ̀ ń tajà. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá a máa wá jiyàn títí alẹ́ yóò fi jìn, ọmọ kékeré kan a sì máa gbọ́. Ọmọ náà, Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní 1934, ṣe ìtàn ilé yẹn nínú ìwé rẹ̀ Aké, tí ó jáde ní 1981. Ó sọ bí òun ṣe tẹ̀lé ẹgbẹ́ afunfèrè àwọn ọlọ́pàá láti Aké títí dé Ìbarà, láìtíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rẹ àgbà. Wọn kò fi gbogbo ìgbà dáhùn, wọ́n sì máa ń nà án, ṣùgbọ́n wọn kò pa á lẹ́nu mọ́. Ní 1986, ó gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ má sọ pé ti àwọn ọmọ ìjọ nìkan ni mo ń sọ. Ní nǹkan bí ọdún 1933, wọ́n bí ọmọ Mùsùlùmí kan ní Ìtòkò. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò rí ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó lọ. Ìdí ẹwìrì bàbá rẹ̀ ni ó dàgbà sí. Àyìnlá Ọmọwúrà ni, ẹni tí àpàlà rẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan títí wọ́n fi pa á níbi ìjà ní ọdún 1980. N kò ní kí a mú gbogbo ìgbé ayé rẹ̀ fi ṣe àwòkọ́ṣe fún ọmọ wa, Ọlọ́hun dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó nítòsí alágbẹ̀dẹ rí mọ̀ pé òòlù ń sọ̀rọ̀, ewìrì ń dá a lóhùn. N kò lè wò ó kí n má gbà pé etí ọmọ yẹn ti kọ́ nǹkan níbẹ̀. MKO Abíọ́lá náà, ọmọ Gbágùrá, tí wọ́n bí ní 1937, tí wọ́n sọ ní Kaṣìmáawò torí pé òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ tí ó yè, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ tí ó fi ń lọ ṣẹ́gi ní àfẹ̀mọ́jú láti tà kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ tí ń ṣeré níbi ìnáwó kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Ní Baptist Boys' High School, òun ni olóòtú ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ta ló sì lè gbàgbé wéré? Nínú ààwẹ̀ Rámádánì, kí sààrì tó tó, àwọn ọmọdékùnrin a ti kó agolo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti sákárà tí wọ́n fúnra wọn ṣe jáde, wọn a máa ti ojúlé dé ojúlé jí wa. Kò sí àgbà tí ó kọ orin náà fún wọn. Àwọn ni ó ń hun ún, tí wọ́n ń fi orúkọ onílé sí i, tí wọ́n sì ń yí i padà lóru ọjọ́ kejì. Nínú wéré ni fújì ti jáde. Síkírù Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí ní 1948, kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tí ó fi ń kọ ọ́ ní Èkó. Àwọn ààfáà kan kò fẹ́ràn ohun tí fújì dà lẹ́yìnwá, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ọmọ tí ń lu agolo láti jí ará àdúgbò kí wọ́n lè jẹ sààrì, bàbá mi máa ń dìde láti orí ẹní rẹ̀, á jù wọ́n ní kọ́bọ̀, á sì ní kí wọ́n tún ti àná kọ.

Nísinsìnyí ńkọ́? Mo dé Ìtòkú láìpẹ́ yìí. Ọjà àdìrẹ ṣì kún. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ń ráhùn pé aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, tí wọ́n wo àdìrẹ ṣe, ti gba oníbàárà lọ́wọ́ wọn nítorí pé owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Ẹjọ́ ìjọba àti ti òwò wà nínú rẹ̀, èmi kò sì ní gba ibẹ̀ lọ. Ohun tí ó kàn mí ni pé ẹ̀rọ yẹn lè wo ohun tí ìyá mi ti ṣe, kí ó sì ṣe irú rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Èyí tí àbúrò mi yóò ṣe lọ́la ni kò lè wò, nítorí pé kò tíì sí lórí aṣọ kankan. Ibo sì ni ọmọ tí yóò ṣe é wà lónìí? Ó ti ilé-ẹ̀kọ́ dé ní agogo méjì, ó ti lọ sí lẹ́sìn ní agogo mẹ́ta, ó ti lọ sí ilé kéú ní agogo márùn-ún, wọ́n sì ti gbé fóònù lé e lọ́wọ́ ní agogo méje kí ó má baà da ilé rú. Ó kan ọmọbìnrin ju ọkùnrin lọ, nítorí pé òun ni yóò tún wọ kíṣíìnì lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi ní orí ire, iṣẹ́ aró ti fi àjákù sí i lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi ìgbálẹ̀ sí i.

Ẹlòmíràn á ní owó ni kò sí. Ẹ jọ̀wọ́, èló ni agolo mílíìkì méjì, ìdérí ìgò mẹ́rin àti ìgbálẹ̀ kan, èyí tí a fi ń ṣe mọ́tò nígbà tiwa? Báálì tí wọ́n fi di ọjà, òkú aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tí ó kọjá: gbogbo rẹ̀ wà nílé, ààtàn ni a ń kó o lọ. Ohun tí ó ṣòro ju owó lọ ni igun kan nínú ilé tí ìdọ̀tí rẹ̀ kò ní bí wa nínú, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí bàbá yóò fi jókòó, tí yóò sì béèrè pé báwo lo ṣe ṣe é. Èmi tí ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn fún mi. Mo fi kọ́bọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ fún wọn lẹ́yìnkùlé, mo sì ti bínú sí i lẹ́ẹ̀mẹta.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún yẹn, mo pe ọmọ mi wá síwájú ògiri náà. Mo bi í pé kí ló dé tí àgbò náà fi ní táyà. Ó wojú mi pẹ́, ó ń wò ó bóyá ẹgba ni ó tún kàn. Ó wá ní, àgbò tí mo rà ní ọjà Láfẹ́nwá kọ̀ láti rìn, a fà á títí ó fi rẹ̀ wá, òun sì rò pé bí ó bá ní táyà, Màmá àgbà pàápàá lè tì í dé ilé. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ̀ fi jáde láti kíṣíìnì wá wò wá.

Mo ti tún pálọ̀ náà kùn lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo ní kí ẹni tí ń bá wa kun ilé fo ibẹ̀. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo ń sọ, mo ní mo mọ̀ ọ́n. Àgbò náà ṣì wà níbẹ̀ lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan nínú wọn kò sì rí roboto rárá.